Ta ló kọ́ ta níṣẹ́, oníyàwòrán àbí akọ́lé? Perspective àti ilé Renaissance ní Ítálì

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Akẹ́kọ̀ọ́ architecture ni mí, ọdún kejì. Olùkọ́ wa sọ ní kíláàsì pé àwọn oníyàwòrán ló kọ́ àwọn akọ́lé Ítálì níṣẹ́ nígbà Renaissance, pé ká ní kò sí perspective ni, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ya nǹkan kó máa kéré sí i bó ṣe ń jìnnà sí ojú, ilé wọn ò ní rí bó ṣe rí. Mo dìde, mo ní ṣebí Brunelleschi tó gbé perspective jáde, ilé ló ń kọ́, kì í ṣe àwòrán ló fi ń jẹun. Wọ́n ní kí n jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ta? Kí ni perspective tiẹ̀ ṣe fún ilé gan-an, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ kí àwòrán ẹ̀ dáa lórí ìwé? Mo ní èsèé láti kọ.

* * *

Àbúrò, ìbéèrè ẹ dáa. Ìtòsí Mílàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ pílásítà ni mò ń ṣe, ilé àtijọ́ la sì máa ń tún ṣe jù. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, torí náà màá máa dá ìwọ àtàwọn tó bá dá sí ọ̀rọ̀ náà níbí lóhùn díẹ̀díẹ̀ bí àyè bá ṣe ń yọ.

Ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Brunelleschi tó o dárúkọ. Florence ni wọ́n bí i sí ní 1377, iṣẹ́ wúrà ló kọ́kọ́ kọ́ kó tó bọ́ sórí ilé kíkọ́. Ó ya pátákó kékeré kan tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó dúró díẹ̀ sínú ẹnu ọ̀nà ńlá kàtídírà Florence, ó kọjú síta, ó wá ya Baptistery, ìyẹn ilé ìrìbọmi olójú mẹ́jọ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú ẹ̀. Ó lu ihò sára pátákó náà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á gbé ẹ̀yìn pátákó sójú, á na ọwọ́ kejì pẹ̀lú dígí, á máa yọjú gba inú ihò wo àwòrán náà nínú dígí. Antonio Manetti tó kọ ìtàn ayé ẹ̀ ní ihò yẹn kéré bíi hóró ẹ̀wà kékeré ní ojú àwòrán, ó wá fẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, ó ní òun alára ti gbé pátákó náà lọ́wọ́ rí. Níbi tó yẹ kó kun sánmọ̀ sí, fàdákà dídán ló fi síbẹ̀ kí ìkùukùu gidi lè máa kọjá lọ nínú ẹ̀. Pátákó náà ti sọnù.

Ẹ wo ohun tó yà: ilé ni. Kò ya ẹni mímọ́ kankan, kò ya ọba. Manetti kan náà sọ pé Brunelleschi àti Donatello tó ń gbẹ́ ère lọ sí Róòmù, wọ́n ń wọn àwókù ilé àtijọ́. Ẹni tó ti mọ bí ilé ṣe ga, tó mọ bó ṣe fẹ̀, tó tún mọ bí òun ṣe jìnnà sí i, ìyẹn ló lè ṣírò bó ṣe máa kéré tó lórí pátákó. Nípa ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ìwọ lo gbà á o. Ọwọ́ ẹni tó ń wọn ilé ló ti kọ́kọ́ jáde, kó tó dé ọwọ́ àwọn oníyàwòrán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀, torí ó padà wá, ó dẹ̀ gbé ẹrù púpọ̀ dání.

* * *

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni Ítálì ti kó o: nípa bí ojú ṣe ń ríran, bẹ́ẹ̀ ni. Ibn al-Haytham kọ ìwé ńlá lórí ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí Látìnì, ó tún wá bọ́ sí èdè Ítálì, Ghiberti tó ṣe ilẹ̀kùn idẹ Baptistery yẹn kó púpọ̀ nínú ẹ̀ sínú ìwé tiẹ̀. Ó yẹ ká máa dárúkọ ẹ̀. Àmọ́ mímọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ ojú, iṣẹ́ kan nìyẹn, fífi rúlà gbé ilé sórí pátákó kí ìwọ̀n ẹ̀ má jábọ́, iṣẹ́ mìíràn ni. Àwọn ará Florence ló ṣe èkejì.

* * *

Kí ló wá kan ilé? Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti gbé yé èmi gan-an.

Ospedale degli Innocenti, ní Florence, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n bá gbé jù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò sílíìkì ló gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún Brunelleschi ní 1419. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ẹ̀ ní áàṣì mẹ́sàn-án. Braccio ni wọ́n fi ń wọn nǹkan nígbà yẹn, ọ̀kan tó bíi sẹ̀ǹtímítà 58. Láti òpó sí òpó tó bíi braccio 10, òpó náà ga tó bẹ́ẹ̀, láti òpó dé ògiri ẹ̀yìn náà tó bẹ́ẹ̀. Tó túmọ̀ sí pé àpótí olójú dọ́gbadọ́gba ni wọ́n tò tẹ̀léra wọn títí. Tó o bá dúró ní ìparí kan tó o wo ìparí kejì, gbogbo àpótí náà á máa kéré sí i bó ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìkan ò ju ìkan lọ, torí náà ojú ẹ á máa ka jíjìnnà ibẹ̀ fúnra ẹ̀, o ò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ. Iṣẹ́ kan náà ni táìsì ilẹ̀ ń ṣe nínú àwòrán àwọn oníyàwòrán ìgbà yẹn. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn láti máa ya ilẹ̀ onítáìsì nìyẹn, òun ni rúlà tí wọ́n fi mọ ibi tí olúkúlùkù dúró sí.

Wọ ṣọ́ọ̀ṣì San Lorenzo ní ìlú kan náà, wàá rí i lọ́nà mìíràn. Ògiri funfun, gbogbo ohun tó jẹ́ ìlà, yálà òpó ni o, áàṣì ni o, tàbí ìgbátí òkè orí òpó, òkúta aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní pietra serena ni wọ́n fi ṣe é. Bó o ṣe wọlé báyìí, ìlà òsì àti ìlà ọ̀tún ń sáré lọ sọ́dọ̀ pẹpẹ. Àfi bíi pé wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ilé náà kí wọ́n tó mọ ọ́n.

Ẹni kan sọ lókè pé òpó tó dọ́gba tó tẹ̀léra ti wà ṣáájú, pé kí n lọ wo San Miniato tó wà lórí òkè Florence níbẹ̀, ọ̀rúndún kọkànlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òótọ́ ni. Brunelleschi gan-an wo irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa, Baptistery tó yà sórí pátákó náà wà lára ẹ̀. Èmi ò sọ pé perspective ló dá ìdọ́gba sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé láti ìgbà yẹn lọ, akọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ̀ léèrè kó tó gbé òkúta àkọ́kọ́: ẹni tó máa wò ó, níbo ló máa dúró sí? Ìbéèrè yẹn ni perspective fi lé àwọn akọ́lé lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, inú ẹ̀ ló ti jáde.

* * *

Ó yá, ká wá gbe olùkọ́ ẹ díẹ̀, àbúrò.

Masaccio, oníyàwòrán kan, ya Trinità, ìyẹn Mẹ́talọ́kan, sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Novella ní Florence ní bíi 1427, ó ga ju mítà 6 lọ. Ó ya yàrá kan sẹ́yìn àgbélébùú, àjà yàrá náà tẹ̀ kọrọdọ bí ìdajì àgbá, ó wá pín àjà yẹn sí ihò onígun mẹ́rin mẹ́rin bíi ti ilé Róòmù àtijọ́, gbogbo ihò yẹn ń kéré lọ sẹ́yìn bó ṣe yẹ, ibi tí gbogbo ìlà ti pàdé wà nísàlẹ̀ àgbélébùú, ní nǹkan bí ibi tí ojú ẹni tó dúró síwájú ẹ̀ máa wà. Ògiri lásán ni o. Masaccio kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò tiẹ̀ tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ní 1427 yẹn, kò tíì sí akọ́lé kankan tó kọ́ irú àjà yẹn sí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ní Florence. Ìgbà tó di 1470 ni Alberti, akọ́lé tó tún máa ń kọ ìwé, ya pláànù ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Andrea ní Mantua, níbi tí àjà kọrọdọ ńlá bẹ́ẹ̀ ti bo gbogbo inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lé ní ogójì ọdún! Oníyàwòrán ti kọ́ ọ tán pẹ̀lú ọ̀dà kí àwọn oníbíríkì tó dé ibẹ̀. Ó dẹ̀ yé mi ìdí. Oníyàwòrán ò ra òkúta, kò sanwó fún lébìrà, àjà tó bá yà ò lè wó pa èèyàn. Ó lè dán ohun tó bá wù ú wò. Bí akọ́lé tó ń rìn kọjá bá ti rí i pé ó dùn ún wò, òun náà á fẹ́ kọ́ ọ.

Àwọn kan ń sọ pé Brunelleschi ló ran Masaccio lọ́wọ́ lórí àjà náà. Ó ṣeé ṣe, ilé inú àwòrán yẹn jọ iṣẹ́ ẹ̀ gan-an. Bó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, akọ́lé ló lo ògiri oníyàwòrán láti fi dán ohun tí kò tíì rówó kọ́ wò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mi ò yí padà.

* * *

Ìkan nínú yín ní Alberti ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Alberti wo? Ẹnu méjì ló fi sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ló dẹ̀ dùn sí.

Nínú ìwé tó kọ lórí àwòrán yíyà ní 1435, ó sọ pé ọ̀dọ̀ oníyàwòrán ni akọ́lé ti gba òpó, orí òpó, ẹsẹ̀ òpó àti gbogbo ẹ̀ṣọ́ ilé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe ti èdè Ítálì, ó sì kọ lẹ́tà sí Brunelleschi síwájú ẹ̀. Olùkọ́ ẹ á fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alberti wá kọ ìwé tiẹ̀ lórí ilé kíkọ́, tó parí ní nǹkan bí 1452, ó yí ohùn padà. Ó ní oníyàwòrán máa ń fi òjìji àti ìlà tó ń kéré lọ mú kí nǹkan yọ síta, ṣùgbọ́n akọ́lé ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: pláànù ni kó yà, kó fi ìwọ̀n gidi ya ojú ilé, kí igun ẹ̀ jẹ́ igun gidi, torí ohun tó fẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ ni ìwọ̀n, kì í ṣe bí nǹkan ṣe rí lójú lásán.

Mi ò rò pé ó tako ara ẹ̀. Lójú tèmi, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín kí o fi ojú ẹni tó ń wò ó ronú nípa ilé, àti kí o fi àwòrán tó ń tan ojú sọ fún bíríkìlà ohun tó máa mọ. Ti àkọ́kọ́ dáa. Ti èkejì, bíríkìlà á kàn máa wò ẹ́ ni, torí ta ló lè fi tépù wọn ìlà tó ń sá lọ sẹ́yìn?

* * *

San Satiro. Mo ti ń dúró dè é kẹ́nì kan dárúkọ ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni, ní Via Torino ló wà ní Mílàn, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti bàtà, ẹlòmíì á kọjá níwájú ẹ̀ kò ní mọ̀. Bramante ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1480. Oníyàwòrán ni Bramante, agbègbè Urbino ló ti wá, níbi tí Piero della Francesca ti ṣiṣẹ́, Piero yẹn kan náà tó kọ odidi ìwé lórí perspective. Wàhálà tó bá Bramante níbẹ̀ ni ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà nílò apá mẹ́rin kí dóòmù tó wà lókè lè dúró ní àárín wọn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n títì wà lẹ́yìn pẹpẹ, kò sí àyè fún apá kẹrin. Kí ló ṣe? Ó fi pílásítà àti ọ̀dà ṣe apá kẹrin sára ògiri ẹ̀yìn. Tó o bá wọlé láti iwájú, wàá rí yàrá tó jìn tó àwọn apá tó kù, pẹ̀lú òpó, pẹ̀lú àjà kọrọdọ oníhò onígun mẹ́rin. Jíjìnnà ẹ̀ gidi kò tó mítà 1.

Ẹnì kan kọ ọ́ sókè pé ìtànjẹ ni, pé kì í ṣe architecture, ó yẹ kí wọ́n máa kà á mọ́ àwòrán. Mi ò gbà rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí lójú ẹni tó ń fọwọ́ kan pílásítà lójoojúmọ́. Tá a bá fẹ́ ṣe ìgbátí lókè ògiri, a máa ń gé pátákó tàbí irin sí bátànì tá a fẹ́, a ó máa wọ́ ọ lórí pílásítà tútù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi gbogbo á rí bákan náà. Ní San Satiro, ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́ o! Ìgbátí ibẹ̀ ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, ó tún ń sọ̀kalẹ̀, bátànì tó bá a mu níbí ò lè bá a mu ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí i. Àfi kí wọ́n fi ọwọ́ mọ ọ́n díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan sì ti ṣírò gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ihò àjà náà bẹ́ẹ̀, kò sí méjì tó dọ́gba láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yìí rí máa mọ̀ pé èyí le ju kí wọ́n kọ́ yàrá gidi lọ.

Mo máa ń wọ ibẹ̀ bí mo bá wà ní àárín ìlú. Tó o bá ń rìn lọ síwájú, yàrá náà á máa ká wọlé, tó o bá dé ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, o ò rí nǹkan kan mọ́ ju pílásítà tó yọ síta díẹ̀. Ó ń bà mí nínú jẹ́ díẹ̀ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n láti àárín ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn èèyàn ń dúró sí gbàdúrà, dóòmù jókòó sáàárín apá mẹ́rin, ilé náà pé. Bramante mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí, ibẹ̀ ló kọ́ ọ fún.

* * *

Torí náà nígbà tí Bramante dé Róòmù tí Póòpù Julius Kejì ń náwó fún un, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Cortile del Belvedere, àgbàlá kan ní Vatican tó gùn tó bíi mítà 300, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1505, ó gbé e gun òkè ní ìpele mẹ́ta pẹ̀lú àtẹ̀gùn. Ibi tí wọ́n ti lè rí i dáadáa jù ni fèrèsé yàrá Póòpù lókè. Ìyẹn ni pé ó kọ́ odidi òkè bíi pé àwòrán ni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà níbi tó yẹ kó dúró sí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1580, Póòpù Sixtus Karùn-ún kọ́ ilé ìkówèésí gba àárín ẹ̀ kọjá, ó gé e sí méjì. Títí di òní, ẹ ò lè rí ohun tí Bramante fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Mo rò pé àdánù ńlá ni.

Kí n tó gbàgbé, Pienza. Póòpù Pius Kejì ló ní kí wọ́n tún abúlé tí wọ́n bí i sí ṣe, Bernardo Rossellino sì ṣe é láàárín 1459 sí 1462. Àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ gbàgede ò dúró ní ọ̀gbọọgba síra wọn, wọ́n ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń lọ sọ́dọ̀ kàtídírà, torí náà ṣọ́ọ̀ṣì máa ń dà bíi pé ó súnmọ́ ẹ. Ẹni tó sọ pé ọ̀nà àtijọ́ ló fà á tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi wọ́, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Akọ́lé gidi máa ń mú wíwọ́ ilẹ̀, á fi ṣiṣẹ́.

* * *

Àtakò tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ nìyí, ẹni tó kọ ọ́ ṣeun: pé ilé tí àwọn ará Renaissance fẹ́ràn jù ni èyí tó yí po, tàbí tó dọ́gba lọ́nà gbogbo, irú bíi Tempietto, ilé ìjọsìn kékeré róbótó tí Bramante kan náà kọ́ ní Róòmù, tàbí Villa Rotonda tí akọ́lé Palladio kọ́ nítòsí Vicenza tó ní ojú mẹ́rin, tí ìkan ò yàtọ̀ sí ìkan. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní ibi kan ṣoṣo tí èèyàn máa dúró sí. Níbo ni perspective wà níbẹ̀?

Mo gbà fún un dé ìwọ̀n kan. Palladio gan-an, ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní 1570, pláànù, ojú ilé àti ilé tí wọ́n là sí méjì ló kún inú ẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Bí gígùn yàrá ṣe bá fífẹ̀ ẹ̀ mu ló ká a lára. Ìwọ̀n gidi ni, ohun tí Alberti sọ nínú ìwé kejì yẹn ni. Ẹni tó bá sọ pé perspective ló bí gbogbo ilé Renaissance ti sọ ọ́ di ńlá jù, olùkọ́ ẹ sì wà nínú wọn, àbúrò.

Àmọ́ ti Tempietto, ẹ ní sùúrù. Serlio, akọ́lé ìgbà yẹn tó kọ ìwé lórí ilé kíkọ́, fi hàn nínú ìwé ẹ̀ pé Bramante fẹ́ kí àgbàlá tó yí i ká náà jẹ́ róbótó, pẹ̀lú òpó yípo. Wọn ò kọ́ ọ. Ká ní wọ́n kọ́ ọ ni, ibikíbi tó o bá gbà wọlé, òpó iwájú, òpó ẹ̀yìn, àti ilé tó wà láàárín ì bá máa dá ara wọn lóhùn ní ìwọ̀n tó ń kéré lọ. Kò mú ibi ìdúró kúrò, ńṣe ló sọ ọ́ di púpọ̀.

* * *

Èyí kúrú. Ẹni tó bèèrè ibi tí ọgbọ́n yìí ti kùnà: Teatro Olimpico ní Vicenza. Palladio bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1580, ó kú lọ́dún yẹn, akọ́lé mìíràn, Scamozzi, wá fi igi àti pílásítà kọ́ títì méje sẹ́yìn ìtàgé, títì ìlú Thebes, torí eré Oedipus ni wọ́n fi ṣí i ní oṣù kẹta 1585. Ilẹ̀ àwọn títì náà ń gòkè, àwọn ilé ń kéré. Ó rẹwà gan-an ni. Ṣùgbọ́n òṣèré ò lè rìn wọnú ẹ̀ jìnnà, torí tó bá débẹ̀, orí ẹ̀ á ga ju fèrèsé òkè lọ. Títì tẹ́nikẹ́ni ò lè rìn. Bíi ti ọ̀nà olópòó tí Borromini ṣe sí Palazzo Spada ní Róòmù ní bíi 1653, ó gùn tó bíi mítà 9 péré, ó sì dà bíi pé ó ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ, ère tó wà ní ìparí ẹ̀ ò tó mítà 1. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti gbà pé àwòrán ti ju ilé lọ.

* * *

Ẹnì kan bèèrè bóyá ohunkóhun nínú èyí kan àwa rárá. Ó kàn wá, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà jíjìn wá.

Andrea Pozzo, bùrọ́dà Jesuit kan, ya dóòmù sórí kánfáàsì sí ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Ignazio ní Róòmù ní 1685, wọ́n fi àmì sílẹ̀ níbi tó o gbọ́dọ̀ dúró sí kí o tó lè rí i bíi dóòmù gidi. Ó wá kọ ìwé tó ń kọ́ èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìwé náà rìn kárí ayé, irú àjà bẹ́ẹ̀ dé Pọtogí, ó sì bá wọn dé Bràsíl. Ní Salvador, Bahia, José Joaquim da Rocha ya ọ̀kan sí àjà ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia ní àwọn ọdún 1770, òpó àti báńkóónì tó ń gòkè re sánmọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni àwọn ìyá aláṣọ funfun máa ń ti gbéra lọ́dọọdún lọ fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, wọ́n ń gbé omi Òòṣàálá. Ìran wa wà láàárín ìlú yẹn. Àwọn Àgùdà tó padà sí Èkó kò gbé àjà oníyàwòrán wá, ṣùgbọ́n ojú ilé tó dọ́gba tòsì tọ̀tún, tí ilẹ̀kùn wà láàárín, tí pílásítà ṣe òdòdó yí fèrèsé ká, tó kọjú sí títì kí ẹni tó ń kọjá lè rí i, ọwọ́ wọn ló ti wá. Mọ́ṣáláṣí Shitta Bey ti 1894 wà níbẹ̀, João da Costa ló kọ́ ọ. Ẹ lọ wo pílásítà ẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n má wó ìyókù tán.

* * *

Ó yá, ká padà sórí èsèé. Ọ̀gá tó ń ya pláànù l'Ékòó tó sọ pé oníbàárà òun kì í wo pláànù mọ́, pé render 3D, ìyẹn àwòrán ilé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe kó dà bíi fọ́tò, ni wọ́n ń rà, tí wọ́n bá wá kọ́ ilé tán wọ́n á ní kì í ṣe ohun táwọn rí lórí fóònù nìyí: ọ̀gá, ìjà tí Alberti ń jà gan-an lẹ ń jà yẹn. Alberti ní kí akọ́lé fi igi ṣe módẹ́ẹ̀lì kékeré, kó má kùn ún, kó má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kí wọ́n lè rí èrò inú ẹ̀, kí ọ̀dà má bo àléébù mọ́lẹ̀. Lẹ́tà tí Raphael àti òǹkọ̀wé Castiglione kọ sí Póòpù Leo Kẹwàá ní bíi 1519 náà sọ pé pláànù, ojú ilé, àti inú ilé tí wọ́n là ni akọ́lé nílò. Raphael o! Oníyàwòrán tó mọ perspective tó bẹ́ẹ̀ ló ń sọ pé ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ máa fi kọ́lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n gbé render jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá, mi ò bá yín lọ síbẹ̀. Serlio ní kí akọ́lé kọ́ perspective, ó tọ́ka sí i pé àwọn tó dára jù nígbà tiẹ̀, Bramante, Raphael, Peruzzi, oníyàwòrán ni wọ́n kí wọ́n tó di akọ́lé. Ẹ lò ó láti fi ronú. Àmọ́ ẹ ya render náà láti ibi tí èèyàn lè dúró sí lóòótọ́, ní ojú géètì, tàbí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ní gíga ojú èèyàn. Render tí wọ́n yà láti òkè lófuurufú, tí kò sẹ́ni tó máa dúró síbẹ̀ láéláé, ẹ mú un kúrò nínú fáìlì tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n.

Àbúrò, ní tìẹ, má kọ "wọ́n kọ́ wọn" tàbí "wọn ò kọ́ wọn". Bẹ̀rẹ̀ látorí pátákó Brunelleschi, kọjá sórí Masaccio, kí o wá lo ìdajì èsèé ẹ sórí San Satiro. Wá pláànù ẹ̀ àti fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹnu ọ̀nà, tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ewé kan, fi rúlà fa ìlà títì ẹ̀yìn yẹn sórí pláànù kí olùkọ́ ẹ lè rí ibi tí àyè ti tán. Tó o bá ti kọ ọ́, gbé e síbí ká bá ẹ wò ó kó o tó fi sílẹ̀.